Òkúta Tí A Kò Ṣà

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìgékoríko nígbà tí n kò retí rẹ̀, ọwọ́ mi a máa lọ sí ojú mi. Ojú mi kọ́ ló fara pa. Ojú bàbá aránṣọ kan ní Ọ̀yọ́ ni, ojú ọ̀tún, èyí tó fi ń wá ihò abẹ́rẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀. Iṣẹ́ wa ló sì ṣe é.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò ní orúkọ kan pàtó lẹ́nu àwọn ará ilé wa. Àwọn kan ń pè mí ní ìyá oníkoríko, àwọn mìíràn ní ìyá olódòdó. À ń tún ọgbà ilé-ìwé ṣe, àti ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti hòtẹ́ẹ̀lì, ti ilé àwọn tó rí já jẹ. A ó gbin koríko sí ilẹ̀ tó ti gbẹ, a ó to òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, a ó sì máa padà wá gé e lóṣooṣù. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń gbé wa dé Ọ̀yọ́, ó ti gbé wa dé Ìkòyí-Ilé náà rí. Ilé-ìwé ìjọ ni mo ti kọ́ ọ, kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, olùkọ́ wa, tó tún jẹ́ oníwàásù, á tò wá sí ìlà kan lórí pápá. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé àdá, a ó rin pápá náà láti òpin dé òpin, a ó máa ṣa òkúta sínú agolo, a ó máa kọrin. Olùkọ́ wa ní bí àdá bá pàdé òkúta, ojú ọmọ ẹlòmíràn ni òkúta ń sá lọ. Mo mú àṣà náà wọ iṣẹ́ mi. A kì í tan ẹ̀rọ láìṣa òkúta. Ọlọ́run mọ̀ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún a kò yẹ̀ ẹ́.

Àfi ọjọ́ kan.

Kí n tó sọ ti ọjọ́ náà, ó yẹ kí n sọ bí mo ṣe di ẹni tó ní ìnṣọ́ránsì, nítorí ó máa ya àwọn tó mọ̀ mí lẹ́nu. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n bí mi sí. Lójú àwọn òbí mi, ẹni tó bá ń sanwó sílẹ̀ de ewu, ńṣe ló ń pe ewu náà wálé. Ilé-ìwé aládàáni kan ní Ọ̀yọ́ ló fi dandan lé e. Wọn kò ní fún mi níṣẹ́ àfi bí mo bá mú ìwé wá pé bí iṣẹ́ wa bá pa ẹnìkan lára, tàbí tó ba nǹkan onínǹkan jẹ́, ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan wà tó máa dúró fún wa. Ọkùnrin kan nínú ìjọ wa ń ta irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀ wá sílé mi.

"Màmá," ó ní, "ṣé ẹ kì í de bẹ́líìtì nínú mọ́tò ni?"

"Mo máa ń dè é bí mo bá ti rí róòdù séfútì lọ́ọ̀ọ́kán."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. "Ó dáa, ẹ fi èmi ṣe róòdù séfútì yín lónìí. Ẹ buwọ́ lù ú."

Mo buwọ́ lù ú. N kò kà á. Ìwé náà pọ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì wẹ́ bí èèrà. Mo yọ ojú ìwé kan ṣoṣo tí ilé-ìwé náà ń bèèrè, mo fún wọn. Mo ti èyí tó kù bọ ìsàlẹ̀ àpótí tí mò ń kó sùtánà mi sí, mo sì ní kí Ọlọ́run má bínú sí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Àdúrà òwúrọ̀ pẹ́ ní ìjọ wa lọ́jọ́ náà, a sì kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí oòrùn ti gun òkè. Àwọn òbí ọmọ ilé-ìwé ń bọ̀ wá ṣèpàdé lọ́sàn-án. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí a tó dé. Ọkùnrin tó ń lo ẹ̀rọ fún mi, tó ti lé ní ogójì ọdún, ti gun ọ̀kadà rí kó tó sá wá bá koríko. Òun fúnra rẹ̀ máa ń wí pé, "Koríko kì í sọ pé òun kò ní ṣéńjì." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ kọ́ èjìká, ó mú agolo òkúta lọ́wọ́ kejì.

"Ọ̀gá, ṣé ká ṣà á?"

Mo wo aago. Mo wo ọ̀gá àgbà ilé-ìwé tó dúró sí ojú fèrèsé.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀," ni mo wí. "Ọlọ́run á ṣọ́ wa."

Ó gbé agolo náà sílẹ̀ lófìfo.

Kò tíì gé dé ìdajì nígbà tí mo gbọ́ ọ. Bí òkúta bá kan irin tó ń yí, ó máa ń dún táì, bí ẹni já okùn. Ògiri ọgbà ilé-ìwé náà jẹ́ búlọ́ọ̀kù oníhò. Òkúta náà gba inú ihò kan kọjá, ó kọjá títì tóóró tó wà níbẹ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó kọjú sí wa. Mo gbọ́ tí síísọ́ọ̀sì já lulẹ̀. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Bàbá náà kò pariwo. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù. Nígbà tí mo sáré dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó jókòó síbi tó wà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. "Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ bá mi yọ aṣọ oníbàárà yẹn lórí ẹ̀rọ, kí ẹ̀jẹ̀ má bàá ta sí i." Mo fi ìkánjú fà á, mo sì ya aṣọ náà níbi tí mo ti ń yọ ọ́.

Ilé ìwòsàn tó wà nítòsí fọ ojú náà, wọ́n fi nǹkan bò ó, wọ́n ní ká máa gbé e lọ bá dókítà olójú ní ilé ìwòsàn ńlá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó bàbá náà sáré dé láti Ọjà Akẹ̀sán, híjáàbù rẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wọ inú bọ́ọ̀sì wa, ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó sì kọjú sí mi.

"Koríko! Koríko lásán-làsàn tí ewúrẹ́ ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́! Ẹ wá ń gbé ẹ̀rọ tì í bí ẹni fẹ́ fò lọ sí Mẹ́kà!"

"Ẹ má bínú, ìyá."

"Ta ló ń bínú? Èmi? N kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí bínú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ débẹ̀."

"Jẹ́ kí wọ́n gbájú mọ́ ọ̀nà," ni bàbá wí ní ìsàlẹ̀.

Oníṣẹ́ mi, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ, ló wà ní ìdí ọkọ̀. Mo rí ọrùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn, òógùn ń ṣàn níbẹ̀ bíi pé òjò ń rọ̀ sí i. Ó mọ ohun tí mo wí ní àárọ̀ yẹn. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀.

Dókítà rán ẹyinjú náà lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ó pè wá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní nǹkan kan nínú ojú náà ti ṣú bí omi ẹ̀kọ, iṣẹ́ abẹ kejì sì gbọ́dọ̀ wáyé kí oṣù kan tó pé. "Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ojú náà kàn máa wà níbẹ̀ ni. Kò ní máa ríran." Mo ti kó gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀ fún ti àkọ́kọ́. Kò sí ohun tí mo lè tà tí yóò tó ti èkejì, bí mo tilẹ̀ ta ẹ̀rọ tán.

Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ṣẹ ẹlòmíràn kì í dá lọ bẹ̀bẹ̀. Ó máa ń kó àgbà dání. Ní ọjọ́ kẹta, mo kó àgbà méjì láti ìjọ wa, mo fi aládùúgbò mi kan tó ti lọ Mẹ́kà kún wọn, a sì lọ sí ilé bàbá aránṣọ ní Ọ̀yọ́. Àgbà ìjọ wa, tí orúnkún rẹ̀ kì í jẹ́ kó kúnlẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí sìmẹ́ńtì. Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo wí gbangba pé ẹ̀bi mi ni, ọwọ́ mi ló ṣe é. Gbogbo ẹni tó bá lọ bẹ̀bẹ̀ ló máa ń wí bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ̀bi, ìbáà má jẹ̀bi. Nítorí náà kò sí ẹni tó bi mí pé, báwo? Mo fi òótọ́ pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ òótọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá náà, tó dúró fún un nítorí òun ṣì wà ní ilé ìwòsàn, ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹnu máa ń gbàgbé," ó ní. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú lẹ́tà gbọọrọ tí wọ́n kọ́ mi ní ilé-ìwé ìjọ: pé iṣẹ́ mi ló fọ́ ojú yìí, pé mo jẹ̀bi, pé n kò ní sá. Mo buwọ́ lù ú. Ìyàwó bàbá gba ìwé náà, ó dì í mọ́ etí ìró rẹ̀.

Ara mi fúyẹ́ díẹ̀ nígbà tí mo padà délé. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ìwé tó wà nísàlẹ̀ àpótí. Mo pe ọkùnrin onínṣọ́ránsì, mo ròyìn fún un.

"Màmá, ṣé ẹ ti lọ bẹ̀ wọ́n?"

"Ta ni kò ní bẹ̀?"

"Ṣé ẹ sọ pé ẹ̀bi yín ni?"

"Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Pé ẹ̀bi ojú ni?"

"Ó dáa. Ó dáa. Ẹnu lásán ni. Ṣebí ẹ kò kọ ọ́ sílẹ̀?"

Mo ní mo kọ ọ́, mo sì buwọ́ lù ú.

"Yéè! Màmá!"

Kò ju wákàtí kan lọ kí ó tó dé pálọ̀ mi. Ó ṣí ìwé náà, ó fi ìka tẹ ibì kan. Mo wọ awò, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó wí ni pé ẹni tó ní ìwé yìí kò gbọdọ̀ gbà pé òun jẹ̀bi, kò sì gbọdọ̀ ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni, àfi bí ilé-iṣẹ́ bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n lè kọ̀ láti san ohunkóhun.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo lọ bẹ̀ nítorí ojú náà ló fẹ́ fọ́ ọ tán.

"Òṣìṣẹ́ wọn ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ni ọkùnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ẹ lọ gba ìwé yẹn lọ́wọ́ ìyá yẹn. Ẹ wí ohunkóhun tó bá wù yín. Ẹ sun ún. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan."

Mo lọ sí ilé àdúrà ní kùtùkùtù òwúrọ̀, n kò wọ bàtà, mo dojúbolẹ̀, ṣùgbọ́n àdúrà kò wá. Ohun tó ń wá sí mi lẹ́nu ni, "Ẹ bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run á ṣọ́ wa." Mo ti lo orúkọ Rẹ̀ dípò agolo. Ẹ̀rù bà mí láti tún pè É.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì náà, mo lọ sí ilé ìwòsàn. Bàbá aránṣọ jókòó sórí ibùsùn, ike kan bo ojú rẹ̀ ọ̀tún.

"Ìyá olódòdó," ó ní, "wọ́n ṣí i díẹ̀ lánàá. Mo rí nǹkan kan tó pupa. N kò mọ̀ bóyá mo rí i ni, àbí mo kàn rántí pupa. Ṣé wọ́n ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ?"

"Wọ́n ń mú un bọ̀, Bàbá."

Ìyàwó rẹ̀ sìn mí jáde. Mo rí kókó tó di ìwé náà sí ní etí ìró rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n nawọ́ sí i.

"Ìyá, ìwé ọjọ́sí yẹn..."

"Kí ló ṣe é?"

Ó tẹjú mọ́ mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá bèèrè rẹ̀, mo máa gbà á. Mo ti múra ọ̀rọ̀ tí n ó sọ sílẹ̀.

"Ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa," ni ohun tó jáde lẹ́nu mi.

Òṣìṣẹ́ tó wá láti Ìbàdàn ní ọjọ́ Ẹtì jẹ́ obìnrin, kò tíì tó ogójì ọdún, ó fi híjáàbù dúdú borí. Ó fi téèpù wọn títì láti ògiri ilé-ìwé dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó ya fọ́tò irin ẹ̀rọ wa. Ìyàwó bàbá aránṣọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó káwọ́ gbera. Obìnrin náà kọjú sí oníṣẹ́ mi.

"Kí lẹ máa ń ṣe kí ẹ tó tan ẹ̀rọ?"

"A máa ń ṣa òkúta."

"Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí ńkọ́?"

Ó wò mí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó fẹ́ purọ́ nítorí mi. Ó ti ya ẹnu.

"A kò ṣà á," ni mo wí. "Ó bi mí léèrè. Èmi ni mo ní kó bẹ̀rẹ̀."

Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan. Ọkùnrin onínṣọ́ránsì, tó tẹ̀ lé e wá, yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo sọ ti ìwé ẹ̀bẹ̀ fún obìnrin náà pẹ̀lú; ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó sì ní òun fẹ́ rí i. Ìyàwó aránṣọ tú etí ìró rẹ̀. Ìwé náà ti rún, ó ti ń rùn bí ọṣẹ.

Obìnrin láti Ìbàdàn náà kà á tán. "Mà, kí ló dé tí ẹ kò pè wá kí ẹ tó kọ èyí?"

"Ẹni tí èèyàn ṣẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ bá."

Ó mí kanlẹ̀. "Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn." Ó ká ìwé náà, ó dá a padà fún ìyàwó aránṣọ. "Ẹ ti rú òfin inú ìwé wa. N kò ní tàn yín jẹ, wọ́n lè torí rẹ̀ kọ̀. Ṣùgbọ́n ti òkúta tí ẹ kò ṣà, kì í ṣe èyíun ló máa lé wa sá. Ẹni tí kì í ṣàṣìṣe kò nílò wa, Mà. Nítorí irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ta ìnṣọ́ránsì. Ṣé ẹ ṣèlérí iye kan fún wọn?"

"Rárá."

"Ohun tí mo rí àti ohun tí mo gbọ́ ni n ó kọ. Èmi kọ́ ni n ó dá ẹjọ́ rẹ̀."

Nígbà tó lọ, ìyàwó aránṣọ wá dúró síwájú mi.

"Nígbà tí ẹ kúnlẹ̀ ní pálọ̀ wa, ẹ ti mọ̀."

"Mo ti mọ̀."

"Ẹ̀bẹ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀bẹ̀ àwọn àgbà ni. Ti òní ni tiyín." Ó so ìwé náà padà sí etí ìró. "N kò tíì gbà á o. Mo kàn ní mo gbọ́ ọ ni."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni a fi dúró. Mo máa ń ka ọjọ́ tó kù kí oṣù pé, mo sì máa ń gbàgbé, n ó tún kà á. Ní ọjọ́ tó pé mọ́kànlá, mò ń bomi rin àwọn irúgbìn lẹ́yìnkùlé nígbà tí fóònù dún. Mo rí i pé ọkùnrin onínṣọ́ránsì ni. N kò lè gbé e. Ó dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún dún. Oníṣẹ́ mi nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó gbé e, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ lójijì, mo sì rò pé ó ti parí.

"Wọ́n gbà," ó ní. "Ọ̀gá, wọ́n gbà láti san án. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá tún kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìsọ fáwọn, àwọn ò mọ̀ yín mọ́."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. Àdúrà wá. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀ ju "O ṣé" lọ, mo sì ń wí i títí ẹsẹ̀ mi fi kú.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí oṣù pé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ojú náà, bàbá aránṣọ ti ní kí wọ́n mú òwú rẹ̀ wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ó mú ẹyọ méjì, ó fi ọwọ́ bo ojú òsì, ó gbé wọn sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó pẹ́.

"Aláró nìyí," ó ní. "Èyí ni dúdú."

Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó mú abẹ́rẹ́, kò rí ihò rẹ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyàwó rẹ̀ gba òwú náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í bọ ihò, ó dá a padà fún un. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí di òní. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ohun tó kù nínú ojú náà. Ohun tó lọ, n kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ rẹ̀.

Ilé-ìwé náà kò lé wa. Lóṣooṣù, bí bọ́ọ̀sì wa bá ti dúró, fèrèsé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ á ṣí. A ó rin pápá náà láti òpin dé òpin, èmi pẹ̀lú wọn, pẹ̀lú ẹ̀yìn mi tó ń dùn mí. Ìyàwó aránṣọ á máa wò wá láti òdìkejì títì.

"Ìyá oníkoríko! Ẹ ní kó gbé agolo yẹn sókè kí n rí i!"

Oníṣẹ́ mi á gbé e sókè, á mì í kó dún.

"Kò tíì kún!"

A ó sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pápá.